Ìjọ̀n, Abúlé Kòkó ní Alímọ̀ṣọ́

 Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Àyọ̀bọ̀ ló fa ọ̀rọ̀ òní. Wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní kíláàsì karùn-ún, lọ kọ ìtàn àdúgbò rẹ̀ wá sí ilé ìwé. Ọmọ bi bàbá, bàbá sì dá a lóhùn pé: "Àdúgbò wa ò ní ìtàn kankan. Igbó ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tà á, a rà á, a kọ́lé sí i." Nígbà tó di alẹ́, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó kọ̀wé sí mi pé, "Prof, ṣé mi ò ti parọ́ fún ọmọ báyìí?"

Ó parọ́ o, ṣùgbọ́n mi ò lè dá a lẹ́bi. Èmi náà gbé ní apá Àyọ̀bọ̀ fún ọdún mélòó kan kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo dà bí ẹni tó ń wá fìlà kiri ilé, tí fìlà sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Alímọ̀ṣọ́ tí a mọ̀ lónìí, ìyẹn Ìkòtún, Ìgàndò, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù, Ìpájà, Àyọ̀bọ̀ àti ìyókù wọn, ibi tí èrò ti ń ti ara wọn ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní 2006, 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tó ní ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ ka tirẹ̀, ó ní wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìyànà-Ìpájà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ò ní bá wọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí agbérò nígbà tó bá ń pe ibùdókọ̀. Abúlé Ẹ̀gbá. Abúlé Odù. Oko-Ọba, lọ́hùn-ún lẹ́bàá Agége. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ò tíì gbọ́ pé ayé ti yí padà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni ìlú, ọ̀tọ̀ ni abúlé. Ìlú ni ilé ẹni wà, ibẹ̀ ni ọba wà, ibẹ̀ la ti ń ṣọdún. Oko la ti ń wá jíjẹ. Ẹni tí oko rẹ̀ bá jìnnà á kọ́ ahéré síbẹ̀. Tí ahéré bá di mẹ́ta mẹ́rin, tí ìyàwó àti ọmọ bá dé, tí wọ́n bá gbẹ́ kànga, ó ti di abúlé nìyẹn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ibi ní Alímọ̀ṣọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀, àwọn Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa lónìí wà láàárín wọn, àwọn Ẹ̀gbá náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá dáko. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọ̀pẹ. Ohun tí ẹnu ń jẹ ni wọ́n ń gbìn, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà.

Ìjọ̀n jẹ́ ọ̀kan nínú irú abúlé bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kọjá Ìpájà, tí ẹ dé Àyọ̀bọ̀, ẹ ó gbọ́ tí àwọn oní-Màrúwá ń pe "Camp Davies! Camp Davies!" Ọ̀nà Ìjọ̀n nìyẹn. Èmi náà ti wọ Màrúwá yẹn láìmọye ìgbà, mi ò sì bi ara mi léèrè rí pé, Davies wo?

James Pinson Labulo Davies ni. Wọ́n bí i ní 1828 ní Bathurst, ní Sierra Leone. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Sierra Leone. Àwọn ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó padà wálé là ń pè ní Sàró. Davies kàwé ní ilé ìwé CMS ní Freetown, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú ọkọ̀ Bloodhound nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Èkó ní 1851. Ẹ kíyè sí i o: ọmọ Yorùbá nínú ọkọ̀ tó ń yìnbọn sí ìlú Yorùbá. Àwọn kan nínú yín á rántí bí a ṣe jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì, tí a ò sì parí rẹ̀. Ní 1856 ó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, ó di oníṣòwò ńlá, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Kàpúténì Davies. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay fẹ́ dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, Davies ló gbé pọ́n-ùn 50 kalẹ̀ kí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò.

Ní àárín àwọn ọdún 1870, òwò dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbèsè tó jẹ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọ̀ràn náà sì dé ilé ẹjọ́. A máa ń sọ pé ènìyàn "wọko gbèsè." Davies wọko gbèsè ní Èkó, ló bá wọ oko gidi ní Ìjọ̀n. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Ní 1879 àti 1880, ó rí irúgbìn kòkó gbà, díẹ̀ láti inú ọkọ̀ Brazil kan, díẹ̀ láti erékùṣù Fernando Po tí wọ́n ń pè ní Bioko lónìí. Ìjọ̀n ló gbìn ín sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí pé ọ̀pọ̀ ìwé kàn ń sáré kọjá ni. Irúgbìn kòkó yàtọ̀ sí àgbàdo tí a lè so rọ̀ sókè ààrò di ọdún tó ń bọ̀. Ó máa ń tètè kú. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú èso rẹ̀, tí ó sì gbẹ, ó ti parí, kò ní hù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e rìn jìnnà gbọ́dọ̀ gbé e tòun ti èèpo, kó sì yára. Ta ló lè ṣe irú ẹ̀ ní Èkó nígbà náà? Ẹni tó mọ ojú omi ni. Ẹni tó mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Fernando Po, tó mọ ọ̀gákọ̀, tó lè ránṣẹ́ kí wọ́n bá òun mú un wá, kí wọ́n sì gbà. Tí ẹ bá bi mí léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀gákọ̀ tẹ́lẹ̀ rí ló gbin kòkó sí Alímọ̀ṣọ́, tí àgbẹ̀ Àwórì tó ti mọ ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ò fi kọ́kọ́ gbìn ín, ìdáhùn mi nìyẹn. Ojú omi ni ìmọ̀ yẹn gbà wá.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ilẹ̀, ọwọ́ àgbẹ̀ ló bọ́ sí. Igi kòkó kékeré ò fẹ́ oòrùn tààrà, ibòji ló ń fẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń gbìn ín sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò. (Ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn o: kòkó là ń tà fún òyìnbó, kókò là ń sè jẹ.) Ó máa ń tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa. Tó bá so tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kó hóró rẹ̀ jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kó lè kan, wọ́n á sì wá sá a sóòrùn. Bí kò bá kan dáadáa, adùn tí òyìnbó ń wá nínú ṣokoléètì ò ní sí níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tí gbèsè ń lé, tó wá gbin igi tí owó rẹ̀ ò ní jáde títí di ọdún márùn-ún. Èmi ò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀.

Ní 1880 yẹn kan náà ni ìyàwó rẹ̀ kú.

Àìná ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí 1843 ni wọ́n bí i, ní Òkè-Ọdàn, ìlú Ẹ̀gbádò. Nígbà tó di 1848, ọmọ ogun Dahomey kọlu ìlú náà, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú òun lẹ́rú. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Bonetta, lọ bá Ọba Gezo sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú. Ọba fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń pè é ní Sarah Forbes Bonetta. Ẹ tún orúkọ yẹn wò: Forbes jẹ́ ti ọ̀gákọ̀, Bonetta jẹ́ ti ọkọ̀. Àìná nìkan ló ti ilé wá. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, ọmọbìnrin tí ìwọ́ bá lọ́ mọ́ lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i là ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọbabìnrin gba ìtọ́jú rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, 1862, ó fẹ́ Davies ní Brighton, wọ́n padà wá sí Áfíríkà, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta: Victoria, Arthur àti Stella. Ọbabìnrin Victoria ni ìyá ìsàmì fún àkọ́bí wọn, òun náà ló sì fún un lórúkọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló mú Àìná. Wọ́n ní kó lọ sí erékùṣù Madeira, bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á bá a lára mu. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, 1880, ọjọ́ kejì tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún méjìdínlógún, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Davies wá gbé òkúta ìrántí dìde fún un. Òkúta gíránáìtì ni, ó dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìrántí Ọmọ ọba Sarah Forbes Bonetta ni, ìyàwó J. P. L. Davies, tó kú ní Madeira lẹ́ni ọdún 37. Ibi tó gbé e sí ló yà mí lẹ́nu jù. Èèyàn á rò pé Marina ni, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó, níbi tí gbogbo àwọn ọlọ́lá ìgbà náà á ti rí i. Inú oko kòkó ní Ìjọ̀n ló gbé e sí. Mo ti rò ó títí. Láti Ìjọ̀n, tí èèyàn bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà Òkè-Ọdàn ló kọjú sí yẹn. Ọmọ tí wọ́n kó nígbèkùn lẹ́ni ọdún márùn-ún, tó ti gba Abomey, Windsor, Freetown àti Èkó kọjá, tí ara rẹ̀ sì sùn sí Madeira, ẹ̀bá ilé rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ padà sí. Bóyá Davies rò ó bẹ́ẹ̀, bóyá ó kàn fẹ́ kó wà níbi tí òun á ti máa rí i ní gbogbo àárọ̀ tí òun bá ń lọ wo igi òun. Ọ̀kan nínú méjèèjì tó mi.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ nípa àwọn ọmọ náà, torí mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Victoria fẹ́ Dókítà John Randle ní 1890, Randle tó kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí Oníkàn ní 1928. Stella bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay. Láti ìdílé yẹn ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti wá, ẹni tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn Ebola jáde kúrò ní ọsíbítù ní 2014, tí òun fúnra rẹ̀ sì bá a lọ. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ orúkọ obìnrin yẹn, Òkè-Ọdàn ni mo máa ń rántí.

Ó yá, ẹ jẹ́ á padà sóko. Davies nìkan ò lè tan kòkó kálẹ̀. Ó fi ìmọ̀ rẹ̀ han àwọn Sàró ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ṣòwò ní Èkó. Ẹni tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni Jacob Kehinde Coker, tó ní oko ní Ìfàkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ Agége. Coker yìí náà wà lára àwọn tó fi ìbínú jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul, Breadfruit, ní 1901, tí wọ́n dá African Church sílẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe sí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Agege Planters' Union, Coker sì ni olórí rẹ̀. Ẹ̀sìn àti kòkó wá ń rìn pọ̀: ibi tí àwọn oníwàásù African Church bá lọ, wọ́n ń wàásù Jésù, wọ́n sì ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó. Ìjọba òyìnbó ò rán wọn níṣẹ́. A. G. Hopkins, onímọ̀ ìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn kedere nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1978, pé àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ló dá ọ̀gbìn kòkó sílẹ̀ níbí.

Ọ̀nà kejì tí kòkó gbà tàn ni àwọn alágbàṣe. Ogun Kírìjì parí ní 1886, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ogun ti jẹ́ iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ ń wá nǹkan ṣe. Iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Agége àti Agbádó kọjá. Àwọn ará òkè wá ń sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe àgbàṣe ní oko àwọn Sàró. Wọ́n á ṣe é fún ọdún kan, méjì, mẹ́ta, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń sá a. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé, wọ́n á gbé èso kòkó mélòó kan sínú àpò.

Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà ni ilé wa. Ohun tí mo máa ń gbọ́ ní kékeré ni pé "Bàbá lọ ṣe àgbàṣe ní Agége," pé nígbà tó dé, ó gbin nǹkan kan sí ẹ̀bá odò, àwọn ará abúlé sì ń fi í rẹ́rìn-ín pé igi wo ni èyí tí èèyàn ò lè sè jẹ. Agége lẹ́nu àwọn ará òkè ju ìlú Agége lọ. Gbogbo oko tó yí i ká, Ìfàkọ̀, Ìjọ̀n àti ìyókù, Agége ni wọ́n ń pè é. Mi ò ní gbé ọwọ́ lé Bíbélì pé igi Davies ló ti já èso tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó yẹn ló rán bàbá mi níwèé, òun náà ló san owó ilé ìwé mi títí mo fi wọ yunifásítì. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo wá fi owó àjẹmọ́nú mi ra ilẹ̀ sí Àyọ̀bọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni agbára mi ká. Mi ò mọ̀ pé ibi tí irúgbìn ti wá ni mò ń padà sí.

Ẹ sì mọ ibi tí owó kòkó dé lẹ́yìn náà. Ìjọba dá àjọ tó ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947, owó tí àjọ yẹn ń kó pa mọ́ sì bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965, orí àgbẹ̀ kòkó ni gbogbo rẹ̀ wà.

Àwọn kan á sọ pé wọ́n ti gbin kòkó sí Bonny ní 1874, ṣáájú ti Ìjọ̀n. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó kọ́kọ́ gbìn ín àti ẹni tí tirẹ̀ tàn kálẹ̀ lè jẹ́ ènìyàn méjì, èyí tó tàn dé oko bàbá mi ni mò ń sọ. Àwọn ará Ghana náà ní Tetteh Quarshie tiwọn, tó mú irúgbìn bọ̀ láti Fernando Po kan náà, láàárín àwọn ọdún kan náà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún un: oko rẹ̀ ní Mampong ṣì wà tí àwọn àlejò ń lọ wò, ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, oríta ńlá kan ní Accra náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé Ghana tí kò mọ Tetteh Quarshie ṣọ̀wọ́n. Àwa fi Davies ṣe orúkọ ibùdókọ̀, a sì gbàgbé ẹni tó ni orúkọ. Adeyemo Elebute, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ, ló jókòó kọ odindi ìwé nípa rẹ̀ tó jáde ní 2013. Dókítà oníṣẹ́ abẹ! Níbo ni àwa onímọ̀ ìtàn wà?

Kí ló wá dé tí kòkó fi kúrò ní Alímọ̀ṣọ́? Ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ilẹ̀ wa níbí jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn, òjò máa ń tètè fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Ifẹ̀, Iléṣà àti Oǹdó gbà kòkó jù ú lọ fíìfíì. Ọmọ tí Agége bí wá ju ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní 1920 sí 1921, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ apá ibí ti ń yí sí obì, gbànja pàápàá. Rélùwéè tó kó àwọn alágbàṣe wá ló ń kó gbànja lọ sí òkè ọya, àwọn Hausa oníṣòwò obì sì kún Agége. Títí di òní, tí oní-Màrúwá bá pe "Mẹ̀gídá" lójú ọ̀nà Àyọ̀bọ̀, obì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, torí pé ọ̀rọ̀ Hausa ni, baálé ilé tó ń gba àlejò oníṣòwò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Èkó ló wá gbé obì náà mì. Gowon Estate dé ní àwọn ọdún 1970, ti Abẹ̀sán tẹ̀ lé e nígbà Jákàndè, Shagari Estate náà dé, àwọn tó ń sá fún owó ilé ní Mushin àti Yaba sì tẹ̀ lé wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ebè wọ̀n tẹ́lẹ̀ di èyí tí wọ́n ń fi púlọ́ọ̀tì wọ̀n. Èmi náà wà lára wọn, mi ò lè bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbẹ̀ ta oko, ìtàn ò sí nínú ìwé ilẹ̀ tó fọwọ́ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, ọ̀nà rẹ̀ ò ṣòro. Láti Ìyànà-Ìpájà, ẹ wọ mọ́tò Àyọ̀bọ̀; láti Àyọ̀bọ̀, ẹ wọ Màrúwá Camp Davies, kí ẹ sọ fún un pé Ìjọ̀n lẹ̀ ń lọ. Ẹ má kàn ya wọ àgbàlá ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ béèrè ilé Baálẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ wá wò, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ àdúgbò mú yín lọ. Ẹ má fi irin ha òkúta láti ka ohun tó wà lára rẹ̀ o, omi díẹ̀ àti aṣọ tó rọ̀ ti tó.

Tí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú, ẹ lè gba Ìdímù lọ sí Ìṣẹ̀rì-Ọlọ́fin. Ìtàn àwọn Àwórì ni pé Ọlọ́fin Ògúnfúnmíniré ń tẹ̀ lé àwo kan lójú omi láti ìhà Ifẹ̀, àwo náà sì rì ní Ìṣẹ̀rì. "Àwo ti rì" ni wọ́n ní ó di Àwórì. Ìṣẹ̀rì ju ẹyọ kan lọ, oníkálukú ló sì ní tòun ni. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tẹnu àwọn àgbà ibẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn. Agége náà ò jìnnà: ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní 2024, láti Agbádó dé Oyíngbò, ipa ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tó gbé bàbá àgbà mi wá ló ń tẹ̀ lé. Ẹ ra búrẹ́dì Agége dání. Ẹ wọ̀ ọ́ títí dé Oyíngbò, ẹ wá mọ́tò Oníkàn, ẹ lọ wo John Randle Centre, tó wà lórí ilẹ̀ tí ọkọ ọmọ Àìná kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí.

Mo ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ kíláàsì karùn-ún yẹn. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ làwọn máa lọ, òun àti ọmọ, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo ní kí wọ́n wọ bàtà òjò. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà Camp Davies kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń wọ bàtà funfun gbà.